Raspberry Pi àti DAC: bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó tí orin á fi dún láìsí wàhálà

Ẹni tó bá wá sílé wa tó bá orin lẹ́nu iṣẹ́, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ máa wá ibi tí orin ti ń jáde kiri. Kò sí CD tó ń yí, kò sí fóònù tí wọ́n so wáyà mọ́. Ohun tó ń kọ orin ò ju páálí sìgá lọ, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi ni, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló wà, wáyà kan jáde lára ẹ̀ wọnú DAC, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà orin di ohun tí ámípù lè gbà, wáyà méjì jáde lára DAC wọnú ámípù, ó tán. Fóònù ọwọ́ mi ni rìmóòtù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ má so gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ so ọ̀kan, ẹ dán an wò, kó ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó fi ìkejì lé e. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, mo to gbogbo nǹkan sílẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà, mo tan gbogbo ẹ̀, orin ń já bí ẹni tó ń kólòlò, mi ò sì mọ èyí tí mo máa dá lẹ́bi nínú nǹkan márùn-ún. DAC ni mo ń bú. Mo ti ń wo iye tí òmíràn jẹ́ lórí fóònù. Ó wá di ọjọ́ kẹta kí n tó mọ̀ pé ṣájà ló ń ṣe mí báyìí.

Iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe rèé. Streamer, ìyẹn Pi wa yìí, ò ju kọ̀ǹpútà kékeré lọ, ó ń mú fáìlì orin láti inú hard disk tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń tì í síta bó ṣe wà. Nọ́ńbà ló ń tì síta o, kì í ṣe ohùn. DAC ló ń sọ nọ́ńbà yẹn di nǹkan tí ámípù lè gbà. Fún CD, nọ́ńbà 44,100 ló ń wọlé láàárín sẹ́kọ́ńdì kan fún apá òsì, iye kan náà fún apá ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16. Raspberry Pi 4 ní ihò íapíìsì tiẹ̀ lára, àmọ́ ihò yẹn ò dáa fún orin, ẹ máa gbọ́ ariwo ṣṣṣ lábẹ́ ẹ̀, Pi 5 ò tiẹ̀ ní ihò kankan, ìdí tá a fi ń wá DAC láti ìta nìyẹn. Ẹ lè ní ṣebí Bluetooth wà. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ Bluetooth máa ń fún orin pọ̀ kó tó gbé e, tẹ́nì kan bá sì pè yín, orin á dákẹ́, gbogbo àlejò á wá máa gbọ́ ringtone yín nínú sípíkà.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà: Raspberry Pi 4 kan, RAM 2GB ti tó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta 8GB fún yín torí orin, orin ò jẹ RAM. Tẹ́ ẹ bá ti ní 3B+ àtijọ́ nílé, ẹ lò ó, kò burú. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Mẹ́mọ́rì kádì 16GB sókè tí kì í ṣe ayédèrú. DAC tó ní ojú USB, wáyà RCA olórí pupa àti funfun, àti wáyà nẹ́tíwọọ̀kì tí ráútà ò bá jìnnà. Ní ti DAC, ẹ má da ara yín láàmú. Topping, SMSL àti FiiO láti Ṣáínà, iFi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Schiit láti Amẹ́ríkà, èyí tówó ẹ̀ kéré jù nínú ọjà wọn ti tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kódà wáyà pínníṣín tí Apple ń tà ní dọ́là 9 ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń so íapíìsì mọ́ ojú USB-C, DAC ni, inú orí ẹ̀ ló wà, mo fi kọ orin fún oṣù mẹ́ta kówó tó jọ. Ohun tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń tà á ni pé ṣé USB Audio Class 2 ni, ìyẹn ìlànà tí DAC fi ń gba orin gba ojú USB. Tó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, Linux, ètò tó ń darí Pi, á dá a mọ̀ fúnra ẹ̀, kò sí dráífà tẹ́ ẹ máa wá kiri.

Kádì la fi máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ gba Raspberry Pi Imager sórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ki kádì bọ̀ ọ́, ẹ yan irú Pi tẹ́ ẹ ní, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ yan OS, ìyẹn ètò tó máa darí Pi, ẹ má mú èyí tó wà lókè pátápátá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Media player OS" sí, ẹ máa bá Volumio níbẹ̀, ẹ máa bá moOde. Àwọn méjèèjì dáa. Volumio rọrùn lójú, àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn kan wà lára ẹ̀ tó jẹ́ owó lẹ máa fi ṣí i. moOde, ẹni tó ń jẹ́ Tim Curtis ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀, òun ni mò ń lò, òun ni mo máa fi ṣàlàyé.

Kí Imager tó kọ kádì, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ ṣe sẹ́tíǹgì. Ẹ má sáré kọjá ibẹ̀. Ẹ fi "moode" ṣe hostname, ìyẹn orúkọ tí Pi á máa jẹ́ lórí wàífáì, ẹ yan orúkọ àti pásíwọọ̀dù, ẹ kọ orúkọ wàífáì ilé yín àti pásíwọọ̀dù ẹ̀, ẹ yan orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà, fún Nàìjíríà NG ni, ẹ tan SSH, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà láti máa tẹ àṣẹ ránṣẹ́ sí Pi láti orí láptọ́ọ̀pù. Pásíwọọ̀dù wàífáì yẹn, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má kọ́pì í. Odindi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni mo lò torí àlàfo kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e wá lẹ́yìn nígbà tí mo kọ́pì í látinú mẹ́sẹ́ẹ̀jì. Ojú ò rí àlàfo.

Ẹ tan Pi láìsí DAC

Ẹ ki kádì bọ Pi, ẹ so wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ wá so ṣájà. DAC ṣì wà nínú páálí ẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí bíráúsà lórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí wàífáì kan náà, ẹ tẹ http://moode.local, ojú moOde á yọ. Fóònù Android tó ti pẹ́ kì í sábà mọ nǹkan tó ń jẹ́ .local, tó bá ní òun ò rí i, ẹ wọnú ráútà, ẹ wo orúkọ moode láàárín àwọn tó ń lo wàífáì, ẹ máa bá nọ́ńbà kan níwájú ẹ̀ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wà nínú ráútà, ẹ kúkú ní kó máa fún Pi ní nọ́ńbà kan náà nígbà gbogbo, kó má di pé ẹ tún ń wá a kiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó tó bọ́ lórí mi: orin tó wà nínú hard disk yín ò jẹ dátà. Tí dátà bá tán lóru, ráútà ṣì ń tan wàífáì, Pi àti fóònù ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, orin ń lọ. Rádíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti Spotify nìkan ló máa dákẹ́. Àmọ́ Pi 4 ò ní aago tó ń rìn nígbà tí wọ́n bá pa á, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń bèèrè àsìkò, torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń sọ aago tí ò bá tilé mu, dátà ló tán, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Ó wá kan DAC

Ẹ pa Pi ná. Ẹ so DAC mọ́ ọ̀kan nínú ojú USB dúdú méjèèjì, ẹ fi àwọn aláwọ̀ búlúù sílẹ̀ fún hard disk. Ẹ tan DAC, kẹ́ ẹ wá tan Pi lẹ́yìn ẹ̀. Bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn nígbà gbogbo, DAC ṣáájú, torí tí Pi bá jí tí ò bá DAC nílẹ̀, ó lè máa sọ fún yín pé òun ò rí ibi tí òun máa da orin sí, ẹ̀yin á sì máa rò pé DAC ti kú.

Nínú moOde, ẹ tẹ lẹ́tà m tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ lọ sí Configure, ẹ lọ sí Audio. Níbi "Output device" ẹ yan orúkọ DAC yín. Tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà USB kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí àwọn wáyà kan tó bá ṣájà fóònù wá, iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn ò ní okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú.

Lẹ́yìn náà "Volume type". Ẹ fara balẹ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá yan "Hardware", inú DAC lẹ ti ń dín ohùn kù láti orí fóònù. "Software", Pi ló ń ṣe ìṣirò ẹ̀. "Fixed", orin á jáde ní kíkún bó ṣe wà nínú fáìlì, ámípù lẹ máa fi dín in kù. Fixed ni mo fẹ́ràn, torí ámípù mi ní bọ́tìnnì tó ṣeé yí. Àmọ́ tí sípíkà tàbí ámípù yín ò bá ní ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù, ẹ má dán Fixed wò láé. Èmi gbàgbé lọ́jọ́ kan pé mo ti fi ámípù sí òkè torí kásẹ́ẹ̀tì tí mò ń gbọ́ lánàá ẹ̀, mo yan Fixed, mo tẹ orin. Gángan ló kọ́kọ́ wọlé. Màmá mi tó ń yí àmàlà lọ́wọ́ ní kíṣìnì ju omorogùn sílẹ̀, wọ́n ní "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Torí náà, ẹ yí ámípù sílẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ orin, kẹ́ ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ń lo wáyà kékeré Apple yẹn, òdì kejì ẹ̀ ló lè ṣẹlẹ̀, orin á kéré bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kòtò, ẹ yan Hardware kẹ́ ẹ gbé e dé òkè.

Tí DAC yín bá ní ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn, ẹ tẹ orin tẹ́ ẹ kó látinú CD, kẹ́ ẹ wò ó. 44.1 ló yẹ kó kọ. Tó bá kọ 48, nǹkan kan wà láàárín tó ń yí nọ́ńbà padà, ẹ padà sí Audio, ẹ wo bóyá ẹ ò tan resampling, èyí tó ń yí i padà, láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Pi 4 fẹ́ 5.1V àti ámpù 3. Ṣájà fóònù tẹ́ ẹ rò pé ó lágbára yẹn, nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fóltì ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tó bá ti wálẹ̀ ju 4.63 lọ, Pi á ní iná ò tó òun. Ẹ wo iná pupa ara ẹ̀ nígbà tí orin ń lọ. Tí iná yẹn bá ń kú tó ń tàn, ṣájà ni. Ẹni tó lè wọ SSH, kó tẹ vcgencmd get_throttled, tó bá dáhùn 0x0, àlàáfíà ni, tó bá dáhùn 0x50000, ó ti kù káàtó látìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án. Tèmi dáhùn 0x50005, ìyẹn ni pé ó kù káàtó tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì kù káàtó bí mo ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ra ṣájà tiẹ̀ gan-an, kólòlò tán lọ́jọ́ náà, DAC tí mò ń bú lọ́jọ́ mẹ́ta ò ṣẹ̀ mí.

Hard disk tó ń yí nínú, USB ara Pi ló ti ń jẹun, Pi 4 ò sì lè fún gbogbo ojú USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ju ámpù 1.2 lọ lápapọ̀. DAC tó ń jẹun lára Pi àti hard disk tó ń yí, wọ́n lè máa du oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ lo SSD, tàbí kẹ́ ẹ ra USB hub tó ní ṣájà tiẹ̀. Ohun mìíràn wà tó pẹ́ kí n tó mọ̀: ojú USB búlúù yẹn, tí hard disk bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó máa ń da wàífáì 2.4GHz láàmú. Bí mo bá ti ń kó orin sínú disk, orin tó ń bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì á máa já. Mo gbé Pi sórí 5GHz, ó tán. Tẹ́ ẹ bá lè lo wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ lò ó jàre, wáyà kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin tí iná NEPA ń mú tó ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, ẹ gbọ́: Pi ò fẹ́ kí iná já lójijì, tó bá ń kọ nǹkan sórí kádì lọ́wọ́, kádì lè bàjẹ́. Àwọn UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà dáa, àmọ́ ẹ ka ara ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ámpù 2 ni ojú 5V wọn, kò tó. Mo fi tèmi sórí ínfẹ́tà ilé. Tí ínfẹ́tà bá jẹ́ èyí tó rọjú tí iná ẹ̀ ò lọ geere, ámípù tó ní tiráńsífọ́mà ńlá nínú á máa kùn húùn, kò sí DAC tó lè wo ìyẹn sàn.

Kíkó orin wọlé

Ibí ni mo ti lo àkókò jù, mi ò sì kábàámọ̀. Bàbá mi fi CD bí ìgba sílẹ̀, jùjú, fújì, àpàlà, orin ìjọ. Mo ra ẹ̀rọ CD oní-USB, mo fi ètò orí láptọ́ọ̀pù kan tó ń jẹ́ Exact Audio Copy kó wọn sínú fáìlì FLAC. FLAC kì í gé nǹkan kan kúrò lára orin, ó kàn ń ká a pọ̀ ni, wákàtí kan orin CD tó jẹ́ bíi 635MB sábà máa ń di bí ìdajì ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé CD tí wọ́n kọ láti MP3, irú fáìlì tó máa ń gé nǹkan kúrò lára orin, pọ̀ lọ́jà láyé ìgbà kan. FLAC ò lè dá ohun tí MP3 ti jẹ padà. Ẹ ju fáìlì ẹ̀ sínú ètò kan tó ń jẹ́ Spek, ó máa ya àwòrán orin náà fún yín, tí àwòrán bá gé dédé ní nǹkan bíi 16kHz bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ọmọ MP3 ni, ẹ má fi àyè ṣòfò lórí ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ wàhálà àwa Yorùbá níbí. Mo kọ "Àpàlà" sí genre, ibi tí wọ́n ti ń kọ irú orin tó jẹ́ sára fáìlì, mo wọ moOde, mo bá Àpàlà mẹ́ta, wọ́n tò sílẹ̀ bí ìbẹta. Èkíní ò ní àmì, ìyẹn yé mi. Àwọn méjì yòókù, ojú mi ò rí ìyàtọ̀ rárá. Àṣé kíbọọ̀dù láptọ́ọ̀pù mi ń tẹ à ní odindi ẹyọ kan, ti fóònù ń kọ́kọ́ tẹ a kó tó fi àmì lé e lórí, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀ tiwa yìí, tó ní àmì nísàlẹ̀ àti lókè, kò tiẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, dandan ni kí wọ́n tò ó, kálukú sì ń tò ó bó ṣe wù ú. Ọ̀nà àbáyọ mi: nínú Mp3tag, ètò tí wọ́n fi ń tún orúkọ ara fáìlì orin ṣe, mo máa mú gbogbo fáìlì tọ́rọ̀ kàn lẹ́ẹ̀kan, mo máa tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, kíbọọ̀dù kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹ tún ṣọ́ra fún oyè. Olórin kan náà jẹ́ Alhaji lẹ́yìn CD kan, ó di Alhaji Dókítà lórí èkejì, nígbà tó yá ó ti di Ọba orin, moOde á sọ ọ́ di èèyàn mẹ́ta. Mo bọ́ oyè lára gbogbo wọn níbi "artist", mo fi oyè sílẹ̀ níbi "comment" kí wọ́n má bàa ní mo rí wọn fín.

Jùjú àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ pé ojú awo kan, orin kan gbọọrọ, orin sì ń wọnú orin. Tí ẹni tó ṣe CD bá gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ rí i pé fóódà kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, kí nọ́ńbà tò tẹ̀ léra, ẹ má fi shuffle kọ ọ́. Àwòrán iwájú ẹ̀, ẹ fi cover.jpg ṣe orúkọ ẹ̀ nínú fóódà. Kẹ́ ẹ wá tẹ m, kẹ́ ẹ ní kó ṣe update library, kẹ́ ẹ lọ jẹun.

Láti orí fóònù

Bíráúsà nìkan ti tó. Ẹni tó ń lo iPhone lè tan AirPlay, tí iPhone fi ń ju orin sí ẹ̀rọ mìíràn, níbi Renderers nínú moOde, àwọn tó ń sanwó Spotify lè tan Spotify Connect níbẹ̀, orúkọ Pi á yọ nínú Spotify wọn. Mo tan AirPlay fún àbúrò mi nìkan, orin òyìnbó ẹ̀ ni mo ń sá fún.

Tí nǹkan bá ń kùn

Ẹ yọ wáyà USB kúrò lẹ́yìn DAC nígbà tí ámípù wà láyè. Tí kíkùn bá dákẹ́, láti ọ̀dọ̀ Pi tàbí ṣájà ẹ̀ ló ti ń bọ̀, ẹ gbìyànjú kí gbogbo wọn jẹ iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Tí ò bá gbọ́, wáyà optical ló kù, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, iná ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Pi ò ní ojú optical lára, ẹ máa ra bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé lé e lórí bíi HiFiBerry Digi+. Tí kíkùn ò bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ yọ USB, ẹ fi Pi sílẹ̀ o, ẹ lọ wo ámípù, wáyà RCA àti ínfẹ́tà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ tẹ m, ẹ yan Power, ẹ yan Shutdown, ẹ dúró kí iná àwọ̀ ewé dẹ́kun ṣíṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó fa ṣájà. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá sì ti ń lọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ fi Win32 Disk Imager ka odindi kádì yẹn sínú láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ ọ́ sórí kádì mìíràn tí ò kéré jù ú. Kádì kejì tèmi, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ DAC, ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí iná já.